Pátákó Ìdánwò Bátìrì Ilé: Rèsísítọ̀ Kan, Aago Ògiri Kan

Bátìrì síǹkì-kábọ́ọ̀nù tó ti rẹ̀ lè fi 1.4V hàn lójú mítà tí wọ́n fi ń wọn fóltì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ẹ fi mẹ́rin irú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rọ á tàn, á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sí aṣọ tí wọ́n dì mọ́ apá, á sì kú kó tó fẹ́ ẹ dé ibi tó yẹ. Mítà ò parọ́. Ìdènà inú mítà DT830, èyí tó gbòde tó sì sábà máa ń ní àwọ̀ ìyeyè, jẹ́ mílíọ̀nù kan ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn ìdènà iná), nítorí náà iná tó ń gbà lọ́wọ́ bátìrì kò tó nǹkan. Bátìrì tí a kò gbé ẹrù lé lórí kì í sì í fi àárẹ̀ hàn. Ohun tí pátákó yìí wà fún nìyẹn: kí bátìrì gbé ẹrù tó jọ ti inú ilé, kí aago sì sọ iye wákàtí tó fi gbé e.

Ohun èlò

Rèsísítọ̀ 3.9 ohm, ohun kékeré tó ń dènà iná, ni olórí gbogbo wọn; òun ni ẹrù tí bátìrì máa gbé. A ò kàn ṣàdédé mú nọ́ńbà yẹn. Òun ni ìlànà àgbáyé IEC 60086 ń lò nígbà tí wọ́n bá ń dán bátìrì AA wò fún ohun ìṣeré ọmọdé. Iná tó ń gbà lọ́wọ́ bátìrì tuntun súnmọ́ 0.38 áńpù, ẹrù tí mọ́tò kékeré lè gbé karí bátìrì nìyẹn. Ẹ wá èyí tó gùn gbọọrọ tó funfun bíi símẹ́ńtì, tí wọ́n kọ 5W3R9J tàbí 5W3.9ΩJ sí lára. Àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe sábà máa ń ní in lára pátákó àtijọ́ tí wọ́n ti tú. Ẹni tó bá dé Alaba á rí tuntun rà. Bó bá jẹ́ èyí tó ní ìlà àwọ̀ lára ni, àwọ̀ ọsàn, funfun, wúrà, wúrà ni kí ẹ máa wò. Ooru tó máa jáde lára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.58W (1.5 lọ́nà 1.5, kí a pín in sí 3.9), nítorí náà ti ìdá mẹ́rin wáàtì máa jó. Bí 3.9 bá ṣòro láti rí, ẹ so 8.2 ohm méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. 4.1 ló máa fún yín, kò sì burú, bí ẹ bá ṣáà ti lo èyí kan náà fún gbogbo bátìrì.

Èyí tó kù rọrùn: ilé bátìrì AA ẹlẹ́yọ kan, ẹ̀rọ inú aago ògiri (àpótí dúdú kékeré tó wà lẹ́yìn aago, aago tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ àmọ́ tó ṣì ń lọ ló dára jù), súìṣì kan, wáyà kọ́pà, pákó plywood tó tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 15, mítà, àti òṣùwọ̀n ìdáná oní-nọ́ńbà tó lè ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan.

Síso ó pọ̀

Sípíríìngì inú ilé bátìrì olówó pọ́ọ́kú ni ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́. Irin rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì gùn bí a bá tú u. Ìdènà rẹ̀ lè tó 0.1 ohm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 0.38 áńpù, ìyẹn á ti jẹ nǹkan bíi 0.04V, ẹni tó ń ka mítà á sì rò pé bátìrì ló rẹ̀. Ẹ yọ sípíríìngì kúrò nínú píláátíìkì, ẹ fi sáńdípépà ha orí rẹ̀, kí ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù àti lẹ́ẹ̀dì tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò lẹ wáyà kọ́pà mọ́ ibi tí ìdí bátìrì ti ń kan irin gan-an. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì wà nínú píláátíìkì, píláátíìkì á yọ́, bátìrì ò sì ní í jókòó dáadáa mọ́.

Wáyà méjì ló máa jáde lára orí bátìrì, méjì lára ìdí rẹ̀. Èyí tó nípọn lọ sí rèsísítọ̀, èyí tó tín-ín-rín lọ sí mítà àti aago. Ẹ má ṣe so mítà mọ́ ẹsẹ̀ rèsísítọ̀, torí ohun tí wáyà àti súìṣì bá jẹ á wọ inú nọ́ńbà tí ẹ ń kà. Súìṣì wà láàárín orí bátìrì àti rèsísítọ̀ nìkan. Aago kò gba ojú súìṣì kọjá, kí ó lè máa lọ níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá wà níbẹ̀. Nínú àpótí aago, irin tó ní sípíríìngì ni ti ìdí bátìrì, èyí tó pẹlẹbẹ ni ti orí. Ẹ gbé rèsísítọ̀ sókè díẹ̀ kúrò lára pákó, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀.

Iná tí aago fúnra rẹ̀ ń jẹ kò lè da ìṣirò rú. Bátìrì AA kan ń gbé aago ògiri fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tó ń gbà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ohun tí rèsísítọ̀ ń gbà.

Ẹ kọ ìkìlọ̀ yìí sára pákó pẹ̀lú máákà: bátìrì líthíọ́ọ̀mù kan wà tó rí bí AA gẹ́lẹ́, 14500 ni wọ́n ń kọ sí i lára, 3.7V sì ni. Bó bá wọ ibí, ó lè ba aago jẹ́, rèsísítọ̀ á sì gbóná débi tí ọwọ́ ò ní í lè kàn án.

Mímọ ibi tí aago ti ń dúró

Aago kọ̀ọ̀kan ní ibi tí agbára bátìrì máa dé kó tó dúró. Ọ̀pọ̀ wọn ń dúró láàárín 0.9V sí 1.2V, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ti èyí tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ fi bátìrì tó ti rẹ̀ sí i, ẹ tan súìṣì, kí ẹ máa wo mítà àti ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá pọ̀. Kì í dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ máa gbọ̀n lójú kan, á sún síwájú bí irun, á tún padà síbi tó wà, ohùn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìgbọ̀n yìí ni kí ẹ ka mítà, nítorí láti ìgbà yẹn lọ kò ka àkókò mọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sára pákó. Bó bá ju 1.2V lọ, ẹ wá aago mìíràn, torí ó máa dá bátìrì oníṣáájì lẹ́jọ́ pé ó ti kú kó tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.

Òṣùwọ̀n kọ́kọ́, mítà tẹ̀ lé e

Kí bátìrì tó dé orí pátákó, kó kọ́kọ́ kọjá lórí òṣùwọ̀n. Bátìrì AA tó jẹ́ alkaline lóòótọ́, irú tó ń pẹ́ ju síǹkì-kábọ́ọ̀nù lọ lábẹ́ ẹrù ńlá, wúwo tó gíráàmù 23 tàbí 24. Síǹkì-kábọ́ọ̀nù wà láàárín nǹkan bíi 14 sí 19. Oníṣáájì NiMH gidi sábà máa ń tó 26 títí dé 31. Bí wọ́n bá kọ alkaline sára bátìrì, tí òṣùwọ̀n sì ń sọ 16, ẹ má wulẹ̀ tan súìṣì. Ayédèrú ni. Ti bátìrì ńlá inú tọ́ọ̀ṣì, ìyẹn D, tún hàn gbangba jù bẹ́ẹ̀ lọ: alkaline rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bíi gíráàmù 140, síǹkì-kábọ́ọ̀nù kì í sábà kọjá 100.

Lẹ́tà ara bátìrì náà ń sọ̀rọ̀. LR6 ni AA alkaline, R6 láìsí L ni síǹkì-kábọ́ọ̀nù. LR03 àti R03 ni ti AAA, LR20 àti R20 ni ti D. Bátìrì Tiger Head tí ọ̀pọ̀ ilé mọ̀, R20S ni wọ́n kọ sí i lára, síǹkì-kábọ́ọ̀nù sì ni. UM-3 àti UM-1 jẹ́ orúkọ àtijọ́ tí wọ́n ń pe AA àti D. Heavy Duty, Super Heavy Duty, Extra Heavy Duty: síǹkì-kábọ́ọ̀nù ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ń ná àwọn ará ilé lówó gan-an, torí ẹni tó bá kà á á rò pé òun ló lágbára jù lọ lórí àtẹ.

Ẹ̀yìn òṣùwọ̀n ni ìdánwò ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Ẹ ka mítà láìtan súìṣì, ẹ tan án, ẹ ka márùn-ún, ẹ tún mítà kà, ẹ pa á. Ká ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1.58V, ti èkejì jẹ́ 1.47V. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, ó ku 0.11. Ẹ pín in sí 1.47, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.9. Ìdènà inú bátìrì náà jẹ́ nǹkan bíi 0.29 ohm, bátìrì gidi ni. Bí òmíràn bá bẹ̀rẹ̀ láti 1.49V tó sì já sí 1.18V, ìṣirò kan náà á fún yín ní nǹkan bíi 1.02 ohm. Láìsí ẹrù, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò tó 0.1V, ohun tó wà nínú wọn yàtọ̀ pátápátá.

Bí a ṣe ń pín AA lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún rèé. Èyí tó bá dúró lókè 1.4V lè lọ síbikíbi. Láàárín 1.3 sí 1.4, ó ṣì tó fún tọ́ọ̀ṣì àti rédíò. Láàárín 1.15 sí 1.3, rìmóòtù àti aago ni kí ó lọ. Nísàlẹ̀ ìyẹn, ẹ gbé e sọ́tọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú nǹkan. Bátìrì NiMH kò sí nínú ìpín yìí, torí 1.2V ni ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa; ti òun wà nísàlẹ̀.

Ohun méjì ló máa ń ba kíkà jẹ́. Àkọ́kọ́ ni bátìrì 9V inú mítà fúnra rẹ̀. Bó bá ti rẹ̀, mítà DT830 á máa sọ iye tó ga ju òtítọ́ lọ, gbogbo bátìrì á sì dà bíi tuntun. Bí bátìrì tuntun bá ń fi 1.8V hàn, mítà ni kí ẹ wò. Èkejì ni ìdọ̀tí ojú bátìrì: ẹ fi aṣọ gbígbẹ tàbí rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́ nu orí àti ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fi sí i.

Àwọn kan máa ń ki wáyà mítà sí ihò 10A, wọ́n á fi kan bátìrì tààrà láti wo iná tó lè tú jáde. Ihò yẹn kò ní fíúsì lára ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú. Ìgbóná ni bátìrì ń gbà níbẹ̀, iye tó bá sì jáde kò sọ wákàtí tó máa lò fún yín. Ẹ fi sílẹ̀.

Ìdánwò wákàtí

Ẹ yí ọwọ́ aago sí méjìlá, ẹ fi bátìrì tuntun sí i, ẹ tan súìṣì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Nígbà tí aago bá dúró, iye wákàtí tó wà lójú rẹ̀ ni èsì. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí pátákó lẹ́yìn náà, torí rèsísítọ̀ ṣì ń fa bátìrì, bátìrì tó bá sì gbẹ tán báyìí ló máa ń jò.

Alkaline AA tó dára máa ń lo wákàtí púpọ̀ níbí, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí aago yín bá lè sọ̀ kalẹ̀ dé 0.9V, ó sì dín bí aago bá ń tètè dúró. Síǹkì-kábọ́ọ̀nù kì í sábà pé méjì. Ẹ wá pín owó bátìrì kan sí wákàtí tó lò. Bí alkaline bá jẹ́ owó ìlọ́po méjì R6, tó sì lo wákàtí ìlọ́po mẹ́rin, òun ló pọ́ọ́kú fún ohun ìṣeré àti ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ dán méjì wò nínú páálí kan náà, kì í ṣe ẹyọ kan. Bí wọ́n bá fi wákàtí kan ju ara wọn lọ, àwọn tó ṣe páálí yẹn kò ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ, tàbí kó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ ọlọ́jà.

Kí a má ba síǹkì-kábọ́ọ̀nù lórúkọ jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ: ẹrù ńlá tí kò dáwọ́ dúró ni ọ̀tá rẹ̀. Nínú rìmóòtù tí a kàn ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ráyè sinmi, ohun tó ń kóra jọ nínú rẹ̀ á sì tú ká. Níbẹ̀, ìyàtọ̀ òun àti alkaline kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìsinmi yìí náà ló wà nídìí sísá bátìrì sóòrùn. Ilé púpọ̀ ló ń ṣe é: rédíò bá ti ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á yọ bátìrì, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí páànù. Ooru ń jẹ́ kí ìdènà inú bátìrì rọlẹ̀ díẹ̀, ìsinmi sì ń jẹ́ kí fóltì rẹ̀ gòkè. Kò sí agbára tuntun kan tó wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé méjì tó rẹ̀ bákan náà, ẹ sá ọ̀kan sóòrùn, ẹ fi èkejì sí ibòji, kí ẹ dán àwọn méjèèjì wò lálẹ́. Ti ibòji náà á ti gòkè. Ti oòrùn lè sàn díẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, ṣùgbọ́n síǹkì tó ti lú nínú rẹ̀ á tún ti sún mọ́ jíjò. Fún ìdí kan náà, ẹ má ra bátìrì tó ti jókòó sínú oòrùn fún ọjọ́ pípẹ́ lórí àtẹ ọlọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ara rẹ̀ ò tíì pé.

Jíjù bátìrì sílẹ̀ láti wò bóyá ó ń ta sókè náà kò tó ẹ̀rí. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí wọn lórí rẹ̀ jáde ní 2015. Síǹkì inú alkaline máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń lò ó, á so mọ́ra, kò sì ní í lè gba ìkọlù mọ́. Nígbà tí bátìrì bá ṣì ku nǹkan bí ìdajì, ó ti ń ta dé ibi tó lè ta dé. Ohun tí títa sókè ń sọ ni pé bátìrì kì í ṣe tuntun mọ́, kò sọ pé ó ti kú.

Jíjò

Bátìrì síǹkì-kábọ́ọ̀nù ń jò torí pé agolo síǹkì tó gbé e dúró ni ó ń jẹ láti fi ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ ẹ́ lú, omi inú rẹ̀ á jáde, ó sì ní ásíìdì díẹ̀. Ẹ fi baking soda tí a pò mọ́ omi díẹ̀, tàbí omi káún, nu ún, kí ẹ wá fi omi mímọ́ nu ún tẹ̀ lé e. Alkaline yàtọ̀. Gáàsì ló ń tì í láti inú, ohun tó ń jáde kì í ṣe ásíìdì, ó ń di ìyẹ̀fun funfun lára irin, ó sì lè jó awọ ara. Ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ lórí òwú ló ń pa á. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fi ojú sún mọ́ ọn, ẹ sì jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ dáadáa kí bátìrì tuntun tó wọlé.

Kíípáàdì mítà iná tí a fi ń tẹ nọ́ńbà ni ibi tí jíjò ti ń ṣe ọṣẹ́ jù, torí wọ́n ń gbàgbé bátìrì sínú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn tí nọ́ńbà bá ti wọlé.

Kí ẹ má sì da tuntun pọ̀ mọ́ àtijọ́. Nínú ẹ̀rọ oní-bátìrì mẹ́rin, èyí tó rẹ̀ jù á kọ́kọ́ gbẹ, àwọn mẹ́ta tó kù á máa ti iná gba inú rẹ̀ kọjá, fóltì rẹ̀ á yí sódì, á sì jò. Ẹyọ ẹyọ ni kí ẹ dán wọn wò. Bí ẹ bá wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, mẹ́ta tó dára á bo ẹyọ kan mọ́lẹ̀.

Oníṣáájì

NiMH ni aago yìí ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀ dáadáa jù, torí fóltì rẹ̀ máa ń dúró lójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó já. Ní 1.2V lórí 3.9 ohm, iná tó ń jáde jẹ́ nǹkan bíi 310mA, ìyẹn 0.31 áńpù. Ẹ sọ iye wákàtí di ìlọ́po 310, ẹ ti rí agbára rẹ̀ ní mAh, ìyẹn iye iná tó kó pamọ́. Èyí tí wọ́n kọ 2000mAh sí yẹ kó lọ sí nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Èyí tí wọ́n kọ 3000 sí tó sì dúró ní wákàtí méjì, nǹkan bíi 620 ló jẹ́ lóòótọ́. Bátìrì AA NiMH gidi kì í kọjá nǹkan bíi 2800. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ sára tirẹ̀ ń tan yín. Ẹ ṣáájì rẹ̀ kún kí ẹ tó dán an wò, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan, torí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà, 1.4V ló máa ń fi hàn. Ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 0.9V.

Irú èyí tí kì í sọ ṣáájì nù bó bá wà nílẹ̀ ni kí ẹ rà. Eneloop tí Sanyo kọ́kọ́ gbé jáde ní 2005, tó ti di ti Panasonic báyìí, ló mú irú rẹ̀ gbajúmọ̀. Láti mọ̀ bóyá èyí tí ẹ rà jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣáájì mẹ́rin, ẹ dán méjì wò lójú ẹsẹ̀, ẹ fi méjì sí àpótí fún oṣù méjì kí ẹ tó dán wọn wò. Tí wákàtí wọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ lè fi wọ́n sínú tọ́ọ̀ṣì tó ń dúró de ìgbà tí iná bá lọ. Fún ohun tí a ń lò lójoojúmọ́, bíi ohun ìṣeré àti máòsì kọ̀ǹpútà, kò sí èyí tó tún dára tó NiMH. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru ni, LR6 tuntun mẹ́rin láti inú páálí kan náà ni kí ẹ lò, àyàfi tí ìwé ẹ̀rọ náà bá gba oníṣáájì láyè.

Ohun tó kù láti fi kún pátákó

Bátìrì D fẹ́ rèsísítọ̀ 2.2 ohm tirẹ̀, 5W náà ni, pẹ̀lú ilé tó tóbi. Níbẹ̀, alkaline lè lọ kọjá wákàtí méjìlá, ọwọ́ aago á sì yí odindi kan. Ẹ wò ó ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára pákó nígbàkigbà tó bá kọjá méjìlá. Ti 9V oníigun mẹ́rin yẹn, rèsísítọ̀ 270 ohm ti wáàtì kan tó fún un, ṣùgbọ́n aago ò gbọdọ̀ kàn án rárá. Mítà nìkan ni kí ẹ fi wò ó, kí ẹ sì dá a dúró tó bá ti já sí 5.4V.